Ẹsẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Bí wọ́n bá kí ọmọ Yorùbá pé "Ara ńkọ́?", kódà kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà, "A dúpẹ́" ni yóò fi dáhùn. Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ pé "Dáadáa ni" ná, kó tó wá figbe iná bọnu. Ọmọdé tí kò tíì lè dá ṣòkòtò wọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ni kò rántí, òun tó kàwé títí tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ sú ìwé, tó sì jẹ́ pé Yorùbá náà ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dunni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ṣíṣe àwọ̀n kékeré kan tí wọ́n ń fi sínú orúnkún. Níbi tí eegun méjì bá ti pàdé ní oríkèé, eegun rírọ̀ kan wà lórí wọn tó ń dán bọ̀rọ́; òun ni kì í jẹ́ kí eegun ó ha eegun. Bí ìyẹn bá ti jẹ dànù, kì í hù padà fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń fi òwú tí kòkòrò sílíìkì ń pọ̀ jáde lẹ́nu hun àwọ̀n tó ní ihò wínníwínní. Wọ́n á gbin sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára aláìsàn fúnra rẹ̀ sínú àwọn ihò náà, dókítà á sì fi dí ojú ibi tó jẹ. Ẹ ti rí igi àti pákó tí àwọn bíríkìlà máa ń tò mọ́ ara ilé tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, àbí? Àwọ̀n náà nìyẹn. Ògiri là ń wá, a ò wá pákó. Bí ògiri bá ti dá dúró, kí pákó máa lọ ni. Ńṣe ni kí àwọ̀n máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí eegun tuntun bá ṣe ń hù. Bó bá pẹ́ jù, á di ìdíwọ́. Bó bá yá jù, ilé á wó.

Nínú yàrá iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kan wà tó ń tẹ àwọ̀n náà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á tẹ̀ ẹ́, á gbé e, á tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀. Àwọ̀n náà dúró ṣinṣin níbẹ̀. Ló bá ku kí wọ́n bi àwọn èèyàn tí wọ́n ti fi sí lára.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò ni pé kí aláìsàn fi nọ́ńbà sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe tó, láti orí òdo tí kò dùn rárá títí dé orí mẹ́wàá tó le jù. Ìyá kan wà láàárín wọn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Tíṣà Olómi ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Wọn ò tíì pẹ́ tú báńdéèjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í. Tíṣà Olómi ò ronú rárá.

"Mẹ́wàá," ló wí. "Ẹ fún mi ní mẹ́wàá gbáko."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ni tíṣà á máa jẹ́! Wọ́n bi í ní ìrora, ó ń gba máàkì! Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Tíṣà Olómi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò síbi tí Ẹnjiníà ò ti sọ ìtàn ọ̀hún, níbi iṣẹ́, nílé, lórí fóònù. Ó wá ní kí wọ́n pa nọ́ńbà tì. "Àwọn àgbà wa ò gbọ́ èdè nọ́ńbà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n bí èèyàn ṣe ń bi èèyàn." Bó ṣe di pé wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo aláìsàn pé "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" nìyẹn. Ọ̀gá tó ń darí ibi iṣẹ́ náà pàtẹ́wọ́ fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní ẹni tó mọ èdè rẹ̀ lò nìyí.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Ó ti sàn nìyẹn. Ẹlòmíì: "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" "Kò burú, ọpẹ́ ni." Òun náà ti sàn. Àṣeyọrí ń ya wọlé bí omi òjò. Nígbà kan tí ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ẹ̀rọ wọn kàn ń tẹ àwọ̀n náà sísàlẹ̀ ni o, pé kì í yí i bí èèyàn ṣe ń yí ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí nígbà tó bá fẹ́ kúnlẹ̀, Ẹnjiníà bi í pé, "Aláìsàn wo ló ráhùn?" Ẹni náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí aláìsàn tó ráhùn lóòótọ́.

Bàbá ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn aláìsàn náà. Iṣẹ́ táìsì ni bàbá yìí ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti tẹ́ ilẹ̀ báǹkì, ilẹ̀ iléèwé àti ilẹ̀ balùwẹ̀ oníbalùwẹ̀, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì gba ibẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tó gbọ́ irú iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe, kò jẹ́ kó bẹ òun. Ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ. "Kànrìnkànrìn" ló ń pe àwọ̀n náà. "Ìyàwó mi ti fi kànrìnkànrìn sí mi lórúnkún," bó ṣe máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn, "ibẹ̀ ò ní dọ̀tí láéláé." Bí Ẹnjiníà bá pè é lórí fóònù tó ní "Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?", á ní, "A dúpẹ́, ìyàwó mi. Kànrìnkànrìn ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́."

Ọ̀gá wá pe àwọn èèyàn ńlá ńlá, àwọn tí yóò sọ bóyá kí wọ́n máa fi àwọ̀n náà sára gbogbo aláìsàn tó ti ń dúró káàkiri. Ó ní kò yẹ kí àwọn kàn máa fi ẹnu sọ ọ́. Kí aláìsàn kan gun pèpéle níwájú wọn ní gbọ̀ngàn ọsibítù kí wọ́n fojú rí i. "Bàbá tó máa ń dápàárá yẹn ni kẹ́ ẹ mú wá," ló wí. Inú Ẹnjiníà dùn débi pé ó ra ṣòkòtò tuntun fún Bàbá, ó sì fúnra rẹ̀ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó rán an, torí Bàbá ò ga.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni Ẹnjiníà gbé ṣòkòtò náà lọ, kò sì pè kó tó lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó ń gbọ́ nǹkan tó ń dún lórí àtẹ̀gùn: gbì, á dákẹ́, gbì, á tún dákẹ́. Ó gbójú sókè. Bàbá ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú gbọọrọ, ó fi sálúbàtà rẹ̀ há abíyá, òógùn bo gbogbo iwájú orí rẹ̀.

"Háà, ìyàwó mi!" ni Bàbá wí. "Káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lo dé?"

Ẹnu Ẹnjiníà yá ju orí rẹ̀ lọ. "Ẹ kúulé, sà. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́," ni Bàbá wí.

Lórí ìdí! Ó wà lórí ìdí rẹ̀ níbẹ̀, ó ní a dúpẹ́!

Ẹnjiníà ju ọ̀rá ṣòkòtò sílẹ̀, ó sáré gòkè, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún náà wú, ó sì gbóná. Nígbà tó rọra ká a, ó ń dún lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí iyanrìn tó há sábẹ́ táìsì.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀!" Màmá ló sọ̀rọ̀, ìyàwó Bàbá, ó ti jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́. "Ẹ sọ òótọ́ fún un! Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló rọrùn, lẹ́yìn ìyẹn, kò sùn, kò jẹ́ kí n sùn. Mo ní kí n pè ọ́, ó ní bí mo bá pè ọ́ òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní ìyẹn gan-an á dára, ilé á pa lọ́lọ́. Àná ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ológun, ó ní òun ń kọ́ bóun á ṣe gun pèpéle yín!"

"Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu rẹ," ni Bàbá wí.

"Ẹnu mi ńkọ́? Ẹnu mi ò wú. Orúnkún yín ló wú."

Ẹnjiníà bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ wọn. "Ṣùgbọ́n mo bi yín, Bàbá! Gbogbo ìgbà ni mo ń bi yín léèrè!"

Bàbá wò ó. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Rárá o, ìyàwó mi," ló wí. "O ò bi mí léèrè. O kí mi ni. Ìyàwó mi kí mi láàárọ̀, kí n wá máa to àìsàn sílẹ̀ fún un?"

Ara Ẹnjiníà bù máṣọ. Bàbá nìkan kọ́ ló ń rò mọ́. Gbogbo wọn ni: gbogbo "A dúpẹ́", gbogbo "Ọpẹ́ ni", gbogbo "Kò burú" tí wọ́n ti kó jọ. Ó ti ń lọ káàkiri, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń kó ìdáhùn ìkíni wálé, ó sì ń pè é ní ìwádìí. Òun ló mú ìbéèrè náà wá. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ó rántí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ yíyí àti bí òun ṣe fi ìbéèrè kan pa á lẹ́nu mọ́. Àwọ̀n náà ti yọ́ kí eegun tó hù. Pákó ti kúrò, ògiri ò sì tíì dúró. Ojú tì í débi pé kò lè gbé e kúrò lára orúnkún tó dì mú.

"Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbi pèpéle yẹn?" ni Bàbá béèrè.

"Mẹ́ta, sà."

"Mẹ́ta péré? Ìyẹn ò tó nǹkan. Màá fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, màá rọra wọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, màá máa rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá ti ń rẹ́rìn-ín, ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò lè jókòó sílé kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mẹ́ta fún ọ."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó sọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà pàápàá mọ̀ ọ́n, ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni:

"Mo mú ṣòkòtò yín wá, sà."

Bàbá wọ̀ ọ́ wò. Ó bá a mu rẹ́gí. Màmá wo Ẹnjiníà látòkè délẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀, Màmá tí kì í dákẹ́! Kò tilẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Èébú ì bá rọrùn fún Ẹnjiníà ju ìyẹn lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Bàbá lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé kí èyí kàn kọjá ná, pé bí àlejò bá ti lọ tán, òun á jókòó ti Ọ̀gá, òun á ṣàlàyé jẹ́jẹ́, àwọn á tún àwọ̀n ṣe láìpariwo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sá fún ìtìjú ṣe ń sọ̀rọ̀, á máa bẹ ọjọ́ ọ̀la pé kó bá òun gbé ẹrù. Bàbá ní tirẹ̀ ń wo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù bí wọ́n ṣe ń lọ, ó dì mọ́ ọn lápá.

"Ta ló tẹ́ èyí?" ló wí, ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ gbá táìsì kan. "O gbọ́ ọ? Òfìfo ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ń dán lójú o, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó gbé e ró." Ó fún Ẹnjiníà ní ọ̀pá náà pé kó bá òun gbé e pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí i lọ́wọ́ òun.

Ọ̀gá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Ẹnjiníà wa! Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà," ni Ẹnjiníà wí.

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn èèyàn ńlá jókòó níwájú, àwọn aláìsàn tí wọ́n ti fi àwọ̀n sí lára jókòó lápá kan, Tíṣà Olómi wà láàárín wọn, ó jókòó ganran bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó gbóríyìn fún ẹni tó mọ̀ pé èdè abínibí ni a fi ń gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu àgbà. Ẹnjiníà ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n wá pe Bàbá.

Bàbá dìde. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, ó wọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ṣèlérí. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi ẹnì kan. Ẹnjiníà rí i pé ibi tí òun rán lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò náà ń gbọ̀n. Àtẹ̀gùn kejì. Ìkẹta. Bàbá di etí tábìlì mú, òógùn ń ṣàn sínú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. "Bàbá wa, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́!" ni Bàbá wí, àtẹ́wọ́ sì sọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" ni Ọ̀gá wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń ya fọ́tò ò rí yín dáadáa."

Bàbá yíjú sí àtẹ̀gùn mẹ́ta náà, ó wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fà á padà, ó tún nà án. Kò wo Ẹnjiníà rárá, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wọn.

Ẹnjiníà ò mọ ìgbà tóun dìde. Ó ti gun pèpéle kó tó mọ̀, ó di Bàbá lápá mú.

"Ẹ dúró, sà. Mi ò kí yín o. Mo ń bi yín léèrè ni. Ṣé ó ń dùn yín?"

Bàbá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò mọ àṣírí. "Ṣé níbí lo fẹ́ kí n ti dáhùn?"

"Níbí, sà."

"Ìwọ ni wọ́n máa bú o."

"Ó yẹ kí wọ́n bú mi."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín tó ti ń gbé láti òwúrọ̀ wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì darúgbó lẹ́ẹ̀kan náà. "Ó ń dùn mí," ló wí. "Ọmọ mi, ó ń pa mí ni." Ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó jókòó síbẹ̀ lórí ìdí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú gbọọrọ bó ṣe máa ń nà án nílé.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bàbá wa àti àpárá!" Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọ̀n náà ń yọ́ kó tó yẹ, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀ tàn wọ́n jẹ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àná òun ti mọ̀, òun sì jẹ́ kí Bàbá wá. Ojú tó kún gbọ̀ngàn náà kò ṣeé kà, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀.

Ní apá ibi tí àwọn aláìsàn jókòó sí, ẹnì kan di ẹ̀yìn àga mú, ó gbé ara rẹ̀ dìde. Tíṣà Olómi ni.

"Ẹ wá bi èmi náà," ló wí.

Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ bá a láàárín gbogbo wọn, kò lè gbé orí sókè, ẹsẹ̀ ìyá náà nìkan ló ń wò.

"Mà, ṣé ó ń dùn yín?"

"Mẹ́wàá," ni Tíṣà Olómi wí. "Mo sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín."